Ṣé ẹni tí kò rí yìnyín rí lè jókòó sínú ọkọ̀ tí ajá ń fà ní Nọ́wè?

Ìyá Ràfíù, Àjàṣẹ́:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin ti Àjàṣẹ́, ti Kétu, ti Ṣábẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi kejì, Ràfíù, ń kàwé ní Tromsø, ìlú kan ní òkè pátápátá ilẹ̀ Nọ́wè, ó sì ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé kí n wá wo òun. A ti fẹnu kò sí ìparí oṣù kẹta, lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ohun tí n kò retí ni pé ó ní òun fẹ́ mú mi lọ gun ọkọ̀ kan tí kò ní táyà, tí àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní husky ń fà lórí yìnyín, èyí tí àwọn onífaransé ń pè ní traîneau. Ó ní kò ní ju wákàtí kan lọ, ó sì ní àwọn tí wọ́n dàgbà jù mí lọ ń gùn ún.

Èmi kì í sá fún òtútù bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe rò. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ta ẹja inú yìnyín ní ọjà Ouando. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí mo bá ń ya ẹja tí wọ́n ti dì mọ́ra nínú páálí, ìka mi á kọ́kọ́ máa ta mí, tó bá yá n kò ní mọ̀ wọ́n lára mọ́, tí mo bá sì wá ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìgbà náà gan-an ni ìrora ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo mọ ohun tí òtútù lè fi ọwọ́ ṣe. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí ó lè fi odindi ènìyàn ṣe, bí ẹni náà bá jókòó sójú kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lójú. Ti ajá tún yàtọ̀. Ajá kan bù mí jẹ ní itan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bọ́ sí òdìkejì títì bí mo bá rí ajá tí a kò so. Mùsùlùmí sì ni mí, mo fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe bí itọ́ ajá bá kan aṣọ mi.

Ǹjẹ́ ó bójú mu kí obìnrin ẹni ọdún 54, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ dára, dán irú èyí wò? Bí ẹnì kan bá ti gùn ún rí nínú yín, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi bí ó ṣe ń lọ, láti ìgbà tí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ajá náà títí di ìgbà tí yóò bọ́ sílẹ̀, kí ó má ṣe fi nǹkan kan pamọ́ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí.

Ọmọ Ṣábẹ ní Fínláǹdì:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìmúra ìrìn àjò. Ọmọ Ṣábẹ ni mí, ọdún kẹfà mi rèé ní Rovaniemi, ìlú kan tí ó wà létí ìlà tí àwọn onímọ̀ fi pààlà agbègbè Arctic, ìyẹn ibi òtútù tó wà ní òkè pátápátá ayé. Mo ti gun ọkọ̀ ajá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún ara mi, ẹ̀ẹ̀mejì nítorí àlejò.

Ariwo ni yóò kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín, kì í ṣe òtútù. Ajá tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lè wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, bí wọ́n bá sì ti rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé okùn ìfà jáde, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, wọ́n á máa hu, àwọn kan á máa fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, débi pé ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n mú àwọn. Àwọn tí a kò mú lọ́jọ́ náà a máa sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ọjà láìmú un dání. Ṣùgbọ́n ní kété tí ọkọ̀ bá gbéra, ariwo náà á dá wáí, bí ìgbà tí iná lọ ní ilé tí rédíò ń kọrin. Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ kò ju ìró ẹsẹ̀ ajá nínú yìnyín lọ, àti èémí wọn, àti igi ọkọ̀ tí ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Títí di òní, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù.

Ọkọ̀ náà kò ju ibùsùn ọmọdé lọ, igi fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ènìyàn méjì ni ó sì sábà máa ń gbé, tí ajá mẹ́rin sí mẹ́fà á máa fà á. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á jókòó síwájú, á na ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi awọ ẹran tàbí aṣọ tó nípọn bò ó. Èkejì ni awakọ̀, ẹ̀yìn ni ó ń dúró sí, lórí igi gbọọrọ méjì tí ọkọ̀ fi ń yọ̀. Kò sí ọwọ́ ìtukọ̀ kankan: afinimọ̀nà á wà níwájú nínú ọkọ̀ tirẹ̀, àwọn ajá yín á sì máa tẹ̀ lé e. Bí ọ̀nà bá yà, awakọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́yìn zémíjàn (ọ̀kadà) tí ó ń gba ìyànà. Irin eléyín kan wà láàárín igi méjèèjì, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú yìnyín, òun ni bíréèkì. Ìdákọ̀ró sì jẹ́ irin kan tí ó rí bí ìwọ̀ ẹja ńlá, tí a ń gún mọ́lẹ̀ bí a bá fẹ́ dúró pẹ́. Bí òkè bá dé, awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀, kí ó bá àwọn ajá ṣe iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ìyá wa: bí awakọ̀ bá kàn dúró gbagidi, àwọn ajá ẹ̀yìn á yíjú padà wò ó.

Òfin kan wà tí wọ́n á tún sọ fún yín títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n sórí: bí ẹ bá tilẹ̀ ṣubú, ẹ má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ajá kò ní dúró dè yín. Ní ìgbà kejì tí mo gùn ún, mo gbàgbé láti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níbi ìyànà kan, mo sì já bọ́. Mo di ọkọ̀ mú fún bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí ó ń wọ́ mi nílẹ̀ bí ìdì igi, tí yìnyín ti kún ẹnu mi, kí ọwọ́ mi tó yọ. Àlejò mi tí ó jókòó síwájú ń pe orúkọ mi bí ọkọ̀ ti ń gbé e lọ. Afinimọ̀nà dá àwọn ajá náà dúró níwájú, èmi sì fi ẹsẹ̀ rìn bá wọn. Ara kò dùn mí, ojú ni ó tì mí.

Pẹ̀lú orúnkún yín, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ jókòó, kí Ràfíù wà lẹ́yìn. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó ni òtútù ń mú jù, torí kò ṣe iṣẹ́ kankan tí yóò mú ara rẹ̀ gbóná, òun náà sì ni ó súnmọ́ ìdí ajá jù. Ẹ ní kí a má fi nǹkan pamọ́, nítorí náà n ó sọ èyí pẹ̀lú: àwọn ajá wọ̀nyí kì í dúró láti yàgbẹ́, orí eré ni wọ́n ti ń ṣe é, òórùn rẹ̀ á sì gbá yín lójú gbàrà. Kò sí ẹni tí ó ń kọ èyí sínú ìpolówó.

Ní ti òtútù, fírísà tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n −18 (Celsius). Níhìn-ín ní Rovaniemi, ó máa ń lọ sí −30 nígbà tó bá le. Ṣùgbọ́n Tromsø, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí àríwá jù wá lọ, kò tutù tó tiwa rárá, nítorí omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ń ṣàn wá láti ìhà gúúsù. Létí òkun níbẹ̀, ìwọ̀n òtútù oṣù kìíní kò sábà jìnnà sí −4. Ọgbà ajá lè wà nínú àfonífojì tí ó jìnnà sí òkun, ibẹ̀ á tutù jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ eré náà á sì fi kún un. Ìparí oṣù kẹta tí ẹ yàn dára púpọ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ ní Tromsø rárá. Nígbà tí ẹ ó fi dé, ojúmọmọ á ti gùn ju òru lọ, yìnyín á sì ṣì nípọn nílẹ̀.

Aṣọ tí ó bá fara kan ara yín kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú, nítorí pé òwú a máa fa òógùn mu, á sì di omi tútù sí yín lára. Irun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ wá wọ èyí tó nípọn lé e. Ẹ̀wù òde àti bàtà, àwọn tí wọ́n ni ajá sábà máa ń yáni. Ẹ béèrè bàtà tí ó tóbi díẹ̀ kí ìka ẹsẹ̀ lè rí àyè mira, nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì tí ó há mọ́ ẹsẹ̀ burú ju ẹyọ kan lọ. Ìbòrí yín kò ní dí ohunkóhun lọ́wọ́, ẹ sáà wá èyí tí a fi irun àgùntàn ṣe.

Ọdẹ Kétu:

Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá Ràfíù. Èmi kò dé ibi yìnyín rí, ṣùgbọ́n ajá ni bàbá mi fi tọ́ wa dàgbà, mẹ́rin sì wà lọ́gbà mi bí mo ti ń kọ èyí. Ohun tí arákùnrin Ṣábẹ sọ nípa ariwo yẹn yé mi dáadáa. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ṣaworo tí mo máa ń so mọ́ wọn lọ́rùn, tí mi ò tíì gbé ìbọn rárá, ilé kò ní gbà wá mọ́. Èyí àgbà inú wọn, tí ó ti ń tiro báyìí, a máa wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí n má bàa lè jáde lẹ́yìn òun. Ajá tí kò bá fẹ́ ṣọdẹ, kò sí bí a ti lè fà á wọ igbó. Mo gbàgbọ́ pé bákan náà ni ti àwọn ajá yìnyín.

Ajá tí ó bù yín jẹ, ajá tó ń ṣọ́ ilé ni mo lérò pé yóò jẹ́. Husky kò mọ ilé í ṣọ́. Wọ́n ní ó lè jẹ́ kí olè wọlé kí ó sì máa lá a lọ́wọ́. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fọwọ́ kàn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí wọ́n ni ajá pé ẹ̀rù ajá ń bà yín, kí wọ́n wá èyí tí ó tutù lára fún yín kí ẹ kọ́kọ́ mọ ara yín. Ẹ má sáré, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i kí ó gbóòórùn yín. Ẹ má sì gbà kí wọ́n mú yín lọ sí ọgbà tí wọn kò ti lè dáhùn ìbéèrè nípa ọjọ́ ìsinmi àwọn ajá àti ibi tí àwọn tó ti darúgbó ń wà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí ajá tí egbò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń dì í mọ́ okùn, ẹ padà sílé, kí owó náà ṣòfò.

N ó fi ohun kan kún un nítorí pé ó jọ mọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi yìí rò pé ọ̀rọ̀ yìnyín kò kan ọmọ adúláwọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Tógò kan, Tété-Michel Kpomassie, ti kúrò nílé rẹ̀ láti kékeré, ó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà láti ìlú dé ìlú, títí ó fi dé Greenland ní ọdún 1965, ó sì bá àwọn ọdẹ ibẹ̀ gbé, ó gun ọkọ̀ ajá wọn. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ajá tí òkìkí wọn kàn jù nínú iṣẹ́ yìí ń jẹ́ Togo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọ̀gágun ojú omi kan ní Japan ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe ti aládùúgbò wa. Ní ọdún 1925, àrùn tó ń dí ọmọdé lọ́fun bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Nome ní Alaska nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi kò lè débẹ̀. Ogún awakọ̀ ajá ni wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ ara wọn, nǹkan bí 1,085 kìlómítà, láàárín ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Ẹ rántí pé láti Kútọnú dé Malanville, ní ìparí ilẹ̀ Benin lápá òkè, kò tó bẹ́ẹ̀. Balto ni ó wà níwájú nígbà tí wọ́n wọ ìlú, òun ni gbogbo ayé yìn, ṣùgbọ́n Togo àti ọ̀gá rẹ̀, Leonhard Seppala, ni wọ́n sá apá ibi tó gùn jù tó sì léwu jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí nínú igbó wa: ajá tó rí ẹran kọ́ ni a ń yìn, èyí tí ó gbé e wálé ni.

Aládùúgbò, Ṣábẹ:

Ìyá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ gígùn da ara yín láàmú. Ẹ fi òrí wa pa ojú, etí àti ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jáde, òtútù kankan kò ní ràn yín.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́:

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ aládùúgbò wa, nítorí pé ìmọ̀ràn yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Òrí dára fún awọ ara tí ó ń ya lásìkò ọyẹ́, mo sì ń lò ó fún àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò lè dí òtútù yìnyín lọ́nà. Àwọn olùwádìí ní Fínláǹdì ti yẹ ọ̀rọ̀ ìpara ojú wò, wọ́n sì rí i pé ìpara kì í dáàbò bo awọ lọ́wọ́ òtútù tó ń pa ẹran ara. Ó kàn ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ara ń gbóná ni, ẹni náà á sì gbàgbé láti bo ojú. Ẹ pa òrí yín lálẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá dé ilé. Ní ìta, aṣọ ni kí ẹ fi bo imú, etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn dókítà tí wọ́n ṣèwádìí láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé òtútù ń ṣe àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ léṣe ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àmì tí wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun pé kí wọ́n máa wò, ìyẹn kí awọ funfun báláú, kì í tètè hàn lára wa. Ohun tí ẹ mọ̀ lọ́jà ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n: tí ìka bá ta yín, tí ẹ kò sì wá mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ìrìn parí. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi yìnyín pa á.

Bí ẹlòmíràn tó ń ka èyí bá ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí a ń pè ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kí ó má ṣe lọ láìrí dókítà rẹ̀, nítorí òtútù lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée náà mú oògùn rẹ̀ dání, kí ó sì bo ẹnu.

Àfáà, Àjàṣẹ́:

Ìyá Ràfíù, ní ti itọ́ ajá, ọ̀nà Imám Máálik tí àwa ń tẹ̀ lé níhìn-ín kò ka ajá tí ó wà láàyè sí ẹlẹ́gbin, àwọn ọ̀nà mìíràn ni wọ́n le lórí rẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ mú aṣọ mìíràn dání, ẹ̀wù òde tí wọ́n yá yín á sì ti bo ti abẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Imám yín pẹ̀lú.

Ìyá Ràfíù, Àjàṣẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kò ní rí ogun òtútù. Mo ka ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ajá náà sí etí Ràfíù lórí fóònù, ó sì jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni n ó jókòó. Ohun méjì ló kù: iye tí wọ́n ń gbà, nítorí pé ọmọ yìí kò fẹ́ sọ ọ́ fún mi, àti bí ìwé físà ti rí.

Ọmọ Ṣábẹ ní Fínláǹdì:

Ìyá wa, fún wákàtí kan tàbí méjì, ó sábà máa ń ju 100 euro lọ fún ẹnì kan, ìyẹn ju 65,000 CFA lọ. Ẹ má bi í mọ́, ó ti mọ̀ pé ẹ ó fi ṣírò iye páálí ẹja. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà, 90 euro ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, bí 59,000 CFA, láìka owó tí àwọn tó ń gba ìwé lè bù lé e. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ohun tí kò tó ọjọ́ 15 kí ẹ tó ṣe é. Wọn á béèrè ìwé adójútòfò tí ó kéré tán lè san 30,000 euro bí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ rí i pé ó gba ọkọ̀ ajá mọ́ra.

Ìyá Ràfíù, Àjàṣẹ́:

65,000 lórí wákàtí kan! Ó dára, mo ti gbọ́. Mo ti yọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun kan sọ́tọ̀ nínú èyí tí mo fi ń kó ẹja, ó nípọn, ó sì dé ìgbọ̀nwọ́. Òun ni n ó gbé lọ.

Ọmọ Ṣábẹ ní Fínláǹdì:

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ sí Ouando. Rọ́bà kì í jẹ́ kí òógùn jáde, ọwọ́ yín á tutù nínú rẹ̀, á sì wá dì. Ẹ ní kí Ràfíù ra èyí onírun tí ìka mẹ́rin ń wà pa pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì fi ti inú fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i.

Ìyá Ràfíù, Àjàṣẹ́:

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní ó ti rà á láti oṣù tó kọjá.